Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Lórí Sìmẹ́ńtì

Ọ̀sán gangan ló lọ. Òru ni gbogbo ayé máa ń retí olè, nítorí náà ọ̀sán ni kóòṣì mú, nígbà tí oòrùn ti lé oníkálùkù wọ abẹ́ òrùlé, tí àwọn ajá pàápàá ti na ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó ti rí Wẹ́dà tó gbé ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, tó lọ tún géètì ilé-ìwé kan ṣe. Kò ní í padà kí agogo mẹ́ta tó lù. Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà ní yàrá kan lẹ́yìn, wáyà lásán ni wọ́n sì fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tú u, ó wọlé.

Kí ẹ tó máa pè é ní ìkà, ẹ gbọ́ irú ẹni tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, nílé wọn, ní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Lọ́yà kan wà tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyàwó oníbáǹkì kan wà tó máa ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ pe àpò tó ń lù. Gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀: ẹsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ọwọ́ tí kò bá ní ẹsẹ̀ nídìí, atẹ́gùn ló ń lù. Kì í fi ẹnu lásán kọ́ wọn. Á bọ́ sáàárín yàrá, á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe é kí wọ́n rí i.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi gbogbo ọkàn kọ́, ìyẹn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ tí ìyá rẹ̀ fi kú, orúkọ ìyá kóòṣì ni wọ́n sì sọ ọ́, nítorí náà "Ìyá mi" ló máa ń pè é. Ní ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gé pépà. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹni tó bá ń fọwọ́ òsì jà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń wà níwájú rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí bàbá rẹ̀ ti ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ní àràárọ̀. Ìdíje kan péré ló kù kí ó wọ ẹgbẹ́ tó ń lọ sókè òkun. Wọn kì í mú ẹni tó bá ti pé ọdún márùn-úndínlọ́gbọ̀n, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó pé e.

Ẹni tí wọ́n jọ máa jà ni wọ́n ń pè ní Tíṣà, torí iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, Wẹ́dà ló sì ń kọ́ ọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti pàdé rí. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ sí ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ yẹn, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún kàn án lójú. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ padà sí igun, tó gbójú sókè wò ó, kóòṣì kò rí nǹkan kan sọ fún un. Ohun tó mọ̀ ti tán. Omi nìkan ló fún un. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, torí ojú tí ọmọ yẹn fi wò ó kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nínú yàrá Wẹ́dà, ó wo ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí Wẹ́dà fi ń sàmì sí irin ló fi ya ẹsẹ̀ mẹ́rin sórí sìmẹ́ńtì, méjì kọjú sí méjì. Méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, bàtà ti tẹ̀ wọ́n títí. Méjì yòókù hàn kedere, ó dájú pé ẹnì kan ń tún wọn yà lójoojúmọ́. Kóòṣì yan àwọn tó hàn kedere, torí kò sí olùkọ́ tí kò ní í tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ iwájú, ó yọ abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ṣọ́ọ̀kì náà díẹ̀díẹ̀ sínú agolo ìpara kékeré kan.

Nígbà tó fọwọ́ kan ibi tó ti bó o kúrò, sìmẹ́ńtì náà tutù, ó sì rin díẹ̀. Ó dà bíi pé ẹni tó dúró níbẹ̀ kò tíì pẹ́ tó kúrò. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò rí ẹnikẹ́ni.

*

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aago ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó wà láàárín ilé aránṣọ àti ilé oògùn. Ẹni tó bá mú aago wá á dúró síwájú káńtà. Ẹni tí kò bá mú aago wá á bẹ̀rẹ̀, á gba abẹ́ káńtà kọjá sẹ́yìn. Ní ẹ̀yìn yẹn, aago bo gbogbo ògiri, kò sì sí méjì nínú wọn tó fẹnu kò lórí iye tí agogo lù.

Kóòṣì gbé agolo rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá Aago ṣí i, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ ni, bàbá."

"Tọ̀tún ni àbí tòsì?"

"Èyí tó wà níwájú ni."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi yín nìyẹn. Ó dáa. Ẹ má dárúkọ ẹni tó ni ín fún mi o."

"Kí ló dé?"

"Ẹnu lè ṣì í pè. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá yà sílẹ̀, tí wọ́n wá ń dárúkọ ẹnì kan lé lórí ní àràárọ̀, ti ẹni yẹn ni, ibi yòówù kó wà. Kò nílò kí èmi àti ẹ̀yin júwe ilé fún un."

Ó mú aago orí tábìlì kan, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi òwú dúdú di ṣọ́ọ̀kì náà, ó sì kì í bọ àárín àwọn irin wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Ó wí nǹkan kan sí i tí kóòṣì kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dé e padà.

"Láàárọ̀, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìn yìí lẹ́ẹ̀kan. Á lọ díẹ̀, á dúró. Bó bá ṣe ń lọ ni ẹsẹ̀ yẹn á ṣe máa lọ. Tó bá sì dúró..." Kò parí rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kó kú o, bàbá. Kó ṣáà má lè gbé ẹsẹ̀ ni, lọ́jọ́ ìjà nìkan."

"Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn," ni Bàbá Aago wí, ó sì na ọwọ́ sí aago mìíràn.

*

"Ọ̀tún, ọ̀tún, òsì. Gbé ẹsẹ̀ kí o tó gbé ọwọ́."

"Mo ti gbé e, Bàbá."

"Ẹnu lo fi gbé e."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe. Ìdájí ni wọ́n máa ń ṣe é, ní àgbàlá wọn, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ á wọ ìbọ̀wọ́ pẹlẹbẹ méjì, á gbé wọn sókè, ọmọ á sì máa kan wọ́n: méjì pẹ̀lú ọwọ́ iwájú, ọ̀kan pẹ̀lú tẹ̀yìn, kó yí kúrò, kó tún wọlé. Ọjọ́ kìíní dára. Ọjọ́ kejì tún dára jù ú lọ. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó jáde, kóòṣì á wọ yàrá rẹ̀, á yọ aago nínú báàgì tó fi pamọ́ sókè àpótí aṣọ, á yí kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Kò ní í dá ọmọ rẹ̀ lóhùn títí á fi yí i tán. Ọmọ náà ti ń rò pé inú ń bí i.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n dé ibi ìyípadà, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tẹ̀ lé e. Ara yí, ẹsẹ̀ dúró. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Kí ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀. Ó fẹ́ kí n bẹ òun kí òun tó dìde." Ó tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó tún gbìyànjú. Ẹsẹ̀ náà wọ́ lórí ilẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ìró rẹ̀. "Bàbá, ó wúwo."

"Oorun ni. O ò sùn tó."

Ó wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò gbà á gbọ́. Kóòṣì tó fi ọdún mọ́kànlélógún wo ẹsẹ̀ ènìyàn mọ ẹsẹ̀ tó rẹ̀, ó mọ èyí tó rọ́. Èyí tó ń wò yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

*

Ó lọ dúró lẹ́bàá ọgbà ilé-ìwé tí Tíṣà ti ń kọ́ni. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tí aago ń ṣe. Ohun tó rí ni Tíṣà láàárín pápá, tó ká aṣọ rẹ̀ sókè, tó ń fo okùn pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ka iye rẹ̀. Wọ́n kà á dé igba, obìnrin náà kò kọsẹ̀.

Kóòṣì di irin ọgbà náà mú. Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé Bàbá Aago ti tàn án. Lẹ́yìn náà ni èrò kejì wọlé. Aago kò ran Tíṣà, ẹsẹ̀ ọmọ tirẹ̀ sì ń kú. Wẹ́dà ti ṣáájú òun. Ohun tóun rò láti ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ti ṣe é fún ọmọ tòun, wọ́n sì ti dáàbò bo tiwọn.

Kò ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbé èbù ìkà jáde nílé, gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló máa ń rò pé ó gbé tirẹ̀ lọ́wọ́.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ó da omi gbígbóná àti iyọ̀ sínú bàsíà, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé itan, ó ń fọ̀ ọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún náà funfun. Ó rò pé ekuru ni. Ó fi ọṣẹ sí i, ó fi kànìnkànìn bó o. Omi inú bàsíà di funfun, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ náà kò padà sí àwọ̀ rẹ̀.

"Kí lo tẹ̀, Ìyá mi?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Aago kan. Mi ò mọ ibi tó wà. Tó bá ń dún, ara máa ń tù mí díẹ̀. Tó bá wá dákẹ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da sìmẹ́ńtì sínú ẹsẹ̀ mi."

Ọwọ́ kóòṣì dúró nínú omi. Aago. Wẹ́dà náà ti gba abẹ́ káńtà kọjá, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan, pé àárẹ̀ ló ń mú un. Ó nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, ìka kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Kò lè wo ojú rẹ̀.

*

Kóòṣì gbé aago náà sórí tábìlì Bàbá Aago. "Wẹ́dà wá bá yín."

"Mi ò mọ Wẹ́dà kankan," ni Bàbá Aago wí. Kò gbójú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi ń gbọ́ aago. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń funfun. Ẹ má purọ́ fún mi, bàbá."

"Ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan ló wọ ibí láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú un wá." Ó gbé awò kúrò lójú. "Ṣé ó dá yín lójú, ibi tí ẹ ti bù ú?"

"Ó dá mi lójú. Ojú mi ni mo fi rí i, ọwọ́ mi ni mo fi bó o."

"Ẹ fi aago náà sílẹ̀ ná. Ẹ má yí i mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ká wò ó."

Ìmọ̀ràn tó dára nìyẹn, ó sì wọ etí kan jáde létí kejì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ìjà náà tó wáyé. Kóòṣì ń rò ó pé bí òun bá dáwọ́ dúró, Wẹ́dà kò ní í dáwọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n pa ẹsẹ̀ Tíṣà kí Wẹ́dà tó pa ti ọmọ òun. Bí èyí tó wà nínú aago bá kú pátápátá, bóyá ọkàn Wẹ́dà á dàrú, bóyá á wá tú èyí tó dì. Ó ń sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin.

Bàbá Aago wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ ìṣó kékeré kan sí i, ó sì yọ òòlù tí wọ́n fi ń tún aago ṣe.

"Èmi kọ́ ni máa kàn án. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án. Àárín ojú rẹ̀, níbi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé."

Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo aago tó wà lára ògiri dákẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

Kò tíì jáde dé ojú títì tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ilé ìtẹ̀wé ni. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ń gbé pépà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó lọgun lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣubú. Wọ́n ní kó máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn.

*

Dókítà gbé fọ́tò egungun náà síwájú iná. Kò sí ibi tó ṣẹ́. Kò sí ibi tó yẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ọmọ náà kò mọ̀ pé ó gún un. Ó tún un gún, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n fún un ní igi ìtilẹ̀.

"Ṣé mo lè jà?" ni ọmọ náà béèrè.

Dókítà wo bàbá. Bàbá wo ilẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ọmọ náà gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má sunkún, Bàbá. Ẹsẹ̀ kan ṣì kù."

*

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Wẹ́dà ni, Tíṣà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Kóòṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n," ni Wẹ́dà wí. "A gbọ́ lónìí ni. Kí ló ṣe ọmọ wa?"

Ó wò wọ́n, ó ń wá ẹ̀rín ẹlẹ́yà lójú wọn. Kò rí i. Tíṣà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ síwájú àga tí ọmọ náà jókòó lé, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìwọ yìí, o fẹ́ sá fún mi ni," ni Tíṣà wí.

"Ta ló fẹ́ sá fún ẹ?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n," ni Wẹ́dà wí, ó fi ara bálẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. "Inú mi ò dùn rárá. Oṣù kan gbáko ni mo fi múra sílẹ̀ de ọmọ yín yìí. Tíṣà mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ju tara rẹ̀ lọ. Àbí mi ò yà á sílẹ̀ ni?"

"O ya kí ni?"

"Ẹsẹ̀ ọmọ yín. Nígbà tí wọ́n jọ jà níjelòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ rin, ó fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ríìngì. Mo wọ̀n ọ́n. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sílẹ̀ ní yàrá mi, mo sì ń tún un yà ní àràárọ̀, kí Tíṣà lè mọ ibi tí á gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sí. Màá ní, 'Ó dé o, ọmọ kóòṣì ti dúró, ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà?' Tíṣà fúnra rẹ̀, mi ò ya tirẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun ṣáà ń rìn kiri." Ó mi orí. "Ẹnì kan tiẹ̀ wọlé, ó bó ọ̀kan kúrò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti iwájú. Mo ní ọmọdé ni, mo tún un yà."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ti iwájú. Kóòṣì gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ òsì ni ti Tíṣà tó máa ń wà níwájú, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ lónìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni òun ti ń wo ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, ní àràárọ̀, títí ojú òun fi gbàgbé pé àwọn ènìyàn ń dúró lọ́nà mìíràn. Ó ti kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọmọ òun, èyí tó mọ̀ jù láyé, kò sì dá a mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yí i ní àràárọ̀. Òun ló kàn án ní ìṣó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," ni Wẹ́dà wí. "Ojú yín ti yí padà."

*

"Ẹ tú u fún mi."

"Ìṣó tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn? Kò ṣe é tú." Bàbá Aago gbé aago náà sáàárín àwọn méjèèjì. "Aago yìí ti ní ẹsẹ̀ nínú, kò sì ní í wà láìsí ẹsẹ̀ mọ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

"Ti ta ni?"

"Ti ẹni tó bá fà á kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ jí, ẹ ti rí ibi tó gbé yín dé."

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó ní kí wọ́n fún òun ní ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹsẹ̀ yìí kọ́ lẹ fi ń jẹun?"

"Òun ni."

"Ẹ bọ́ èkejì náà. Ti ọmọ yín ṣì tuntun, tiyín ti gbó. Ọ̀kan kò tó o."

Ẹ̀rù bà á, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ó rò ó pé ó lè dìde kó máa lọ, kí ọmọ máa fi igi rìn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà kejì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya méjèèjì yípo, láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò, ó sì fi abẹ bó ṣọ́ọ̀kì wọn fún Bàbá Aago.

Ó ku ilé mẹ́ta kó dé ilé tí ẹsẹ̀ òsì fi kọ̀, èyí ọ̀tún sì tẹ̀ lé e. Ó ṣubú lẹ́bàá gọ́tà. Ó ń fi ìgúnpá wọ́ ara rẹ̀ lọ nígbà tó gbọ́ tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tó sì gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ ló ń bọ̀. Kò sí igi ìtilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sáré.

*

Ọmọ náà ní òun ò jà mọ́. Òun á tọ́jú bàbá òun. Kóòṣì ní tí kò bá jà, òun kò ní í jẹun mọ́, ọmọ náà sì mọ̀ pé bàbá òun máa ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Lọ́yà oníkùn ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ síbi ìdíje náà. Wọ́n gbé kóòṣì sórí àga oníke kan lẹ́sẹ̀ ríìngì, wọ́n sì bẹ ẹnì kan kó máa gun òkè lọ fún ọmọ náà lómi.

Ráúǹdù kìíní, ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀. Tíṣà gbé ẹsẹ̀ òsì sí ìta, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kàn án. Ó tún un ṣe. Ọmọ náà padà sí igun, ó sì wo ìsàlẹ̀, ó ń wá ojú bàbá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ kò sí níbi tó máa ń wà. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń wo ìjà láti orí ìdúró, tí ojú rẹ̀ ń bá ojú àwọn tó ń jà dọ́gba. Lónìí, láti orí àga, ilẹ̀ ríìngì ló wà níwájú ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin sì ń lọ wọ́n ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ó sì rí i. Kí Tíṣà tó gbé ẹsẹ̀ òsì sí ìta, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra díẹ̀. Ìgbà gbogbo ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Gbogbo ohun tó gbé e gba abẹ́ káńtà Bàbá Aago kọjá, àga lásán ni ì bá ti wá, kó jókòó, kó wò ó.

Ó sunkún lórí àga náà. Lẹ́yìn náà ló fa etí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Tí mo bá ti ní 'ìsinsìnyí', gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ síta kí tirẹ̀ tó débẹ̀. Kí o fi òsì tẹ̀ lé e. Má wo ilẹ̀. Èmi ni máa bá ẹ wò ó."

Ráúǹdù kejì, gìgísẹ̀ gbéra. "Ìsinsìnyí." Ọwọ́ òsì ọmọ náà balẹ̀ sí àgbọ̀n Tíṣà, ariwo sì sọ. Wọ́n tún un ṣe. Ní ráúǹdù kẹta, Tíṣà kò mọ ibi tí á gbé ẹsẹ̀ sí mọ́. Nígbà tí rẹfirí gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ ọmọ kóòṣì ló gbé.

Àtẹ̀gùn pọ̀ níta gbọ̀ngàn náà, Lọ́yà kò sì lè gbé ara rẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹlòmíràn. Wẹ́dà ló bẹ̀rẹ̀ síwájú àga. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi, ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó pọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, ẹsẹ̀ méjèèjì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kóòṣì ń rìn ní apá ọ̀tún wọn, Tíṣà ní apá òsì, ojú wọn méjèèjì ti wú, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ìsàlẹ̀, Wẹ́dà dúró kó mí.

"Èyí kì í ṣe ojú lásán, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ló kọ́kọ́ kàn, ó tún wá kan bàbá. Ọwọ́ ẹnì kan wà ńbẹ̀." Ó gbé ohùn sókè, ọ̀rọ̀ náà sì ti ọkàn rẹ̀ wá. "Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹsẹ̀ yìí, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kò ní í jẹ adùn ọmọ tó bí."

"Àmín," ni Tíṣà wí.

"Àmín," ni ọmọ kóòṣì wí. Tirẹ̀ ló le jù.

Wọ́n dúró. Wẹ́dà kò gbé ẹsẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó nu òógùn kúrò níwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí báńdéèjì ṣì wà lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣe àmín."

Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì tó dúró gbọin lórí ilẹ̀.

"Àmín," ló wí.